Bí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ní SS ní Ifẹ̀ àti Iléṣà ṣe lè kówó jọ fún ìwádìí lórí àìsàn yín

Ẹ̀yin wọ́ríọ̀ wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń bá SS jà, àti ẹ̀yin òbí tó ń sun orí bẹ́ǹṣì ọsibítù nítorí ọmọ, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó máa kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń dáwó fún ẹni tí ara ẹ̀ ò yá ní ilẹ̀ yìí. Tí wọ́n bá ti gbé e sórí státọ́ọ̀sì pé ọmọ lágbájá nílò ẹ̀jẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú owó á ti máa wọlé. Owó yẹn dáa, ó ń gba ẹ̀mí là. Àmọ́ owó tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ lónìí kì í ṣe ìyẹn, owó ìwádìí ni, owó tí wọ́n á fi wá ìdáhùn sí ohun tí àwọn dókítà gan-an ò tíì mọ̀ nípa fòníkú-fọ̀ladìde, àìsàn ẹni tó jẹ́ SS. Bí wọ́n ṣe ń tọrọ ẹ̀ yàtọ̀, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀ yàtọ̀, ẹni tí wọ́n ń gbé e fún náà yàtọ̀.

Kí ló dé tó fi yẹ kó jẹ́ ẹ̀yin? Lọ́dọọdún, nǹkan bí 150,000 ọmọ ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àrùn yìí ní Nàìjíríà, kò sí orílẹ̀-èdè míì tó ní tó bẹ́ẹ̀. Nínú ènìyàn mẹ́rin tó wà láàárín wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan máa jẹ́ AS. Ní December 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú tuntun kan, Casgevy, tó ń tún jíìnì ènìyàn ṣe, iṣẹ́ ńlá ni, inú wa dùn sí i, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n fi lé e lórí níbẹ̀ ni mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún ẹnì kan ṣoṣo. Ilé wo ní Ìlàrè tàbí Òkèsà ló máa rí ìyẹn san? Àwọn ìbéèrè tó kan àwa níbí, bí ibà ṣe ń fa kíráísìs (ìrora ńlá tó máa ń dé lójijì), oògùn wo ló tó fún ọmọ tí ò jẹun kánú, kí ló dé tí òbí kan fi ń fi kílíníìkì sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àwọn tó wà lókèèrè ò ní bá wa jí torí ìyẹn. Àwa la máa bèèrè ẹ̀, àwa náà la máa wá díẹ̀ nínú owó tí wọ́n á fi dáhùn ẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìwádìí kì í ṣe iṣẹ́ àdúgbò wa. Ní Yunifásítì Ifẹ̀ níbí, kó tó di OAU ní 1987, Abayomi Sofowora àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ yẹ gbòǹgbò orín àta wò, orín tí àwọn bàbá wa fi ń rin ẹnu, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1971 pé omi tí wọ́n fà lára ẹ̀ lè mú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bíi dòjé padà sí bó ṣe yẹ kó rí, nínú ìgò ìdánwò ni o. Ní Iléṣà, ọsibítù Wesley Guild ni David Morley ti ṣiṣẹ́ láàárín 1956 sí 1961, àwọn ọmọdé tí wọ́n ń tọ́jú ní Ìmẹ̀sí-Ilé ló sì ti rí ọ̀pọ̀ nínú ohun tó kọ́ gbogbo ayé nípa bí wọ́n ṣe ń fi káàdì tọpa ìdàgbàsókè ọmọ. Ilẹ̀ wa ti ń ṣe ìwádìí tipẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ìbéèrè lẹ máa kọ́kọ́ wá, kì í ṣe owó

Ibi tí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ grúùpù ń já sílẹ̀ nìyí. Wọ́n á dá orúkọ sílẹ̀, wọ́n á ran fílà, wọ́n á tẹ T-shirt, wọ́n á ṣí ákáǹtì, tí ènìyàn bá wá bi wọ́n pé "kí lẹ fẹ́ fi owó yìí ṣe gan-an?", wọ́n á ní "fún ìwádìí SS ni." Ìwádìí SS wo? Ìdáhùn yẹn ò tó mú ẹnikẹ́ni yọ igba náírà.

Lọ́jọ́ kílíníìkì, nígbà tí ẹ bá jókòó tí ẹ ń dúró de káàdì yín (ẹ sì mọ̀ pé ìdúró yẹn kì í ṣe kékeré), ẹ gbé ìwé kan kiri láàárín ara yín. Kí kálukú kọ ohun kan tó máa ń ro nípa àìsàn yìí tí kò tíì rí ìdáhùn sí. Ẹ máa rí i pé àwọn ìbéèrè kan máa ń padà wá. Kí ló dé tó jẹ́ ìgbà ọyẹ́ ni ìrora tèmi máa ń pọ̀? Kí ló dé tí àbúrò mi, SS bíi tèmi, kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ọsibítù? Ọmọ mélòó nínú àwa tó ń wá sí kílíníìkì yìí ni ẹ̀jẹ̀ ń sáré jù nínú ọpọlọ wọn, tó jẹ́ pé rọpárọsẹ̀ lè kọlù wọ́n láìpẹ́? Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ìbéèrè gidi ni, torí ẹ̀rọ wà tó ń wò ó, wọ́n kàn á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ orí ọmọ ni, kì í dunni, àti pé iye ọmọ tí wọ́n máa yẹ̀ wò ṣeé kà. Owó ẹ̀ náà ṣeé ṣírò.

Ẹ mú àwọn ìbéèrè yẹn lọ bá dókítà tó ń tọ́jú yín. Ẹ bi í: èwo nínú ìwọ̀nyí ni wọn ò tíì mọ̀ lóòótọ́, èwo ni wọ́n ti mọ̀ tí àwa nìkan ni ò gbọ́? Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti mọ̀ ni, a jẹ́ pé ìlanilọ́yẹ̀ ni ẹ nílò, kì í ṣe owó. Nínú èyí tó kù, ẹ mú ẹyọ kan. Ẹ má mú mẹ́ta. "Kí àìsàn yìí tán láyé" kì í ṣe ìbéèrè o, àdúrà ni, àwa náà sì ń ṣe é lójoojúmọ́.

Bí ìbéèrè tó ní ààlà ṣe máa ń rí nìyí. Ní Kano àti Kaduna, àwọn dókítà wa fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn hydroxyurea lè dáàbò bo ọmọdé SS lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀ níbi tí gbígba ẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù ò ti ṣeé ṣe, wọ́n wá fi dóòsì kékeré wé èyí tó pọ̀ díẹ̀. Ẹ rí i pé ìbéèrè yẹn ṣe pàtó: oògùn kan, ewu kan, irú ọmọ kan.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ náà, àti ìwé tí ẹ gbọ́dọ̀ fojú rí

OAUTHC, àjọ ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn OAU, ló ni ọsibítù ńlá Ifẹ̀, òun náà ló ni Wesley Guild ní Iléṣà, nítorí náà bóyá Ifẹ̀ lẹ ti ń gba ìtọ́jú ni o tàbí Iléṣà, abẹ́ òrùlé kan náà lẹ wà. Àwọn dókítà ẹ̀jẹ̀ àti dókítà ọmọdé ibẹ̀ máa ń ṣe ìwádìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ láti di kọnsọ́tàǹtì náà gbọ́dọ̀ ṣe é kí wọ́n tó jáde, àpò ara wọn sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń ṣe é. Àwọn ni kí ẹ wá. Iye tí ọ̀dọ́ ogún lè kó jọ lè má tó nǹkan fún iṣẹ́ ńlá, ṣùgbọ́n ó lè ra rìéjẹ́ǹtì, ìyẹn kẹ́míkà àyẹ̀wò, fún ìwádìí kékeré, ó lè san owó ọkọ̀ àwọn ìyá tó ń ti Ìpetumodù tàbí Ìbòkun gbé ọmọ wá fún àyẹ̀wò.

Tí ẹ bá ti rí ẹni náà, ẹ bèèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ ẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ bèèrè. Ìkíní, ojú ìwé kan tó ṣàlàyé ohun tó fẹ́ ṣe ní èdè tí màmá yín máa gbọ́. Ìkejì, bọ́jẹ́ẹ̀tì: kí ló fẹ́ rà, mélòó, lọ́wọ́ ta. Ìkẹta, lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ẹ́tíìsì ọsibítù tàbí ti yunifásítì tó fọwọ́ sí i. Ìgbìmọ̀ yìí ló ń rí i pé wọn ò fi ènìyàn ṣe ohun tí kò tọ́, pé wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí, pé ọmọ tó bá ní òun ò ṣe mọ́ lè dìde kó máa lọ. Tí lẹ́tà yẹn ò bá tíì jáde, ẹ lè máa palẹ̀ mọ́, ẹ lè máa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tíì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ aráàlú.

Àwọn kan máa ń tijú láti bi dókítà ní irú ìbéèrè yìí. Ẹ má tijú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ gidi, inú ẹ̀ máa dùn pé ẹ bèèrè, ó ṣe tán ìgbìmọ̀ ti bi í ní èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ibi tí owó máa gbé

Ẹ má fi ákáǹtì ẹnikẹ́ni ṣe é. Kì í ṣe ti ọ̀rẹ́ yín tó fẹ́ràn yín jù, kì í ṣe ti pásítọ̀, kì í ṣe ti dókítà. Kì í ṣe pé wọ́n máa jí i o, ṣùgbọ́n ẹni rere náà lè ṣàìsàn, ó lè kú, BVN ẹ̀ lè ní wàhálà, báńkì lè yọ gbèsè láti inú ẹ̀, ta ni ẹ máa wá bá?

Ọ̀nà méjì ló wà. Tí ẹ bá fẹ́ máa ṣe é fún ọdún púpọ̀, ẹ lọ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti èrè, àgbàlagbà ló máa jẹ́ àwọn alábòójútó ẹ̀, lẹ́yìn náà báńkì máa bèèrè ìwé SCUML (ẹ̀ka ìjọba tó ń dènà fífọ owó àìmọ́) kí wọ́n tó ṣí ákáǹtì fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ń gba àsìkò, ó ń gba owó, ó sì ń gba sùúrù gan-an ni. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ fẹ́ ṣe é, ẹ wá ẹgbẹ́ tó ti wà nílẹ̀ tó ní ákáǹtì, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé ìwé yín, ẹgbẹ́ òbí àwọn ọmọ SS, tàbí ẹgbẹ́ kan nínú ìjọ, kí ẹ jọ kọ ìwé àdéhùn pé orí iṣẹ́ báyìí ni owó yìí wà fún, wọn ò sì ní fọwọ́ kàn án fún nǹkan míì. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ènìyàn méjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí owó tó jáde, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ òbí ọmọ SS. Ẹni tí ò tíì pé ọdún 18 ò lè dá ákáǹtì irú èyí ṣí, ṣùgbọ́n kí ó jókòó síbi ìpàdé, kó rí síteetimẹ́ǹtì báńkì lóṣooṣù, torí nǹkan tiẹ̀ ni.

Ìwé àkọsílẹ̀ ńkọ́? Nóòtùbúùkù ẹlẹ́yìn líle kan ti tó. Ẹ fa ilà márùn-ún: ọjọ́, ẹni tó mú un wá, iye, káàṣì ni àbí tiránsífà, àti ẹni méjì tó rí i pẹ̀lú ìfọwọ́sí wọn. Owó káàṣì ò gbọdọ̀ sùn nílé ẹnikẹ́ni ju òru kan lọ, lọ́jọ́ kejì kó dé báńkì. Lọ́jọ́ Sátidé tí báńkì ò ṣí, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ POS tí ẹ mọ̀, ẹ gba ríìsíìtì, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ewé yẹn, ẹ sì kọ iye tí POS yọ síbẹ̀, torí ìyẹn lẹ̀ ń gbàgbé, òun ló máa sì dá ìjà sílẹ̀ nígbà tí ìṣirò ò bá dọ́gba. Ìlú òṣómàáló ni Iléṣà, àwọn ènìyàn ibẹ̀ mọ ìṣirò owó dójú àmì, wọ́n á fún yín, wọ́n á sì bèèrè.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ohun tí ẹ máa sọ

Ní 1980, ọ̀dọ́kùnrin kan ní Kánádà, Terry Fox, tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ẹ̀ ọ̀tún nítorí jẹjẹrẹ inú eegun, bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kọjá orílẹ̀-èdè ẹ̀ láti wá owó fún ìwádìí jẹjẹrẹ. Ọjọ́ 143 ló fi sáré, ó sá tó 5,373 kìlómítà kí jẹjẹrẹ náà tó dé ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀, ó kú ní June 1981, ọmọ ọdún 22. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni bó ṣe tọrọ: dọ́là kan lọ́wọ́ ọmọ Kánádà kọ̀ọ̀kan. Kó tó kú, owó náà ti lé ní mílíọ̀nù 24 dọ́là, iye ènìyàn tó wà ní Kánádà nígbà yẹn gan-an nìyẹn. Kò ní "ohunkóhun tí Olúwa bá fi sí yín lọ́kàn," ó dá iye. Ẹ̀yin náà, ẹ dá iye tó kéré débi pé kò sẹ́ni tó máa tijú láti mú un wá. Igba náírà, ká ní. Ẹni tó bá fẹ́ fi kún un, òun ló mọ̀.

Bó ṣe máa ń lọ lọ́jà nìyí, ká sọ pé ọmọ ọdún 16 kan ló dúró níwájú ìyá alátà ní Ọjà Tìtun, pẹ̀lú àǹtí kan lẹ́yìn ẹ̀:

"Ẹ kú ọjà o, ìyá mi. Ajé á wọgbá o."

"Àmín o, ọmọ mi. Kí lo fẹ́ rà?"

"Mi ò wá rajà mà. SS ni mí. Dókítà wa ní ọsibítù fẹ́ yẹ ọgọ́ta ọmọ tó jẹ́ SS wò, kí wọ́n lè mọ èyí tí rọpárọsẹ̀ fẹ́ kọlù kó tó kọlù ú. Igba náírà là ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan."

"Áà, pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á wò ẹ́ sàn. Ṣé owó ìtọ́jú tìẹ náà wà níbẹ̀?"

"Rárá mà, kò sí tèmi níbẹ̀. Àwọn òbí mi ń sanwó tèmi. Ti gbogbo wa ni, àti ti èyí tí wọn ò tíì bí. Lẹ́tà ọsibítù rèé, nọ́ńbà tí ẹ lè pè rèé."

Ẹ wo ohun tó ṣe níbẹ̀. Kò sunkún, kò kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀, kò ní òun máa kú lọ́la. Ó sọ ẹni tó jẹ́, ó sọ iṣẹ́ náà, ó sọ iye, ó yọ ìwé. Nígbà tí màmá yẹn sì bèèrè nípa owó ìtọ́jú, ó sọ òótọ́, torí tí ènìyàn bá rò pé ìtọ́jú lòun ń dáwó fún tó wá gbọ́ lẹ́yìn pé ìwádìí ni, ó máa bínú, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni. Tí ẹnì kan nínú yín bá nílò owó ìtọ́jú lásìkò yẹn, ẹ dá tiẹ̀ lọ́tọ̀, nínú ákáǹtì ọ̀tọ̀, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé fọ́tò ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú dírípù lọ́wọ́ síta. Ohun tí ẹ bá gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin yẹn bá fẹ́ wọṣẹ́, lọ́jọ́ tí ìyá ọkọ bá ń ṣe ìwádìí tiẹ̀. A ṣì ní àwọn tó ń pe ọmọ SS ní àbíkú ní àdúgbò wa, a ṣì ní òbí tó ń fi jínótáìpù ọmọ pamọ́ fún ẹbí ọkọ. Òfin ààbò dátà ti 2023 náà ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn sí ohun àṣírí. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n mọ òun, kó sọ ọ́ fúnra ẹ̀, kí òbí ẹ̀ náà buwọ́ lù ú tí kò bá tíì pé ọdún 18, kó sì mọ̀ pé òun lè ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nígbàkigbà. Ẹni tí kò fẹ́, iṣẹ́ wà fún un lẹ́yìn: ṣíṣírò owó, kíkọ lẹ́tà, yíyàwòrán.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé

June 19 ni ọjọ́ fòníkú-fọ̀ladìde lágbàáyé, September ni oṣù ẹ̀. Tí ẹ bá lè bẹ̀rẹ̀ ní June, ẹ máa ní àsìkò títí di Ọlọ́jọ́ ní Ifẹ̀, níbi tí gbogbo ọmọ Ifẹ̀ ti ń wálé, àwọn ará Iléṣà náà ní Ìwúde nígbà tí ọdún bá ń parí lọ. Ẹ kọ lẹ́tà sí ààfin kó tó di pé èrò pọ̀, kì í ṣe lọ́sẹ̀ ọdún. Tí ẹ bá sọ pé ẹ kàn fẹ́ tábìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń yẹ jínótáìpù wò lọ́fẹ̀ẹ́, ó rọrùn fún wọn láti gbà ju pé ẹ fẹ́ gbé agbọ̀n kiri láàárín èrò.

Ìrìn ẹlẹ́sẹ̀ ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rò. Ó dáa, láti Lágẹrẹ sí Mayfair títí dé géètì kámpọ́ọ̀sì, ojú á rí yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ lẹ máa rìn ín. Oòrùn, òùngbẹ àti àárẹ̀ ló ń fa kíráísìs, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Kí àwọn ọmọ kíláàsì yín, àwọn tíṣà, àwọn nọ́ọ̀sì rìn, kí ẹ̀yin jókòó sábẹ́ ìbòòji níbi tí wọ́n máa parí ẹ̀ sí, kí ẹ máa gba káàdì lọ́wọ́ wọn. Kí ẹni tó ń rìn ti kó owó jọ lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí kó tó gbéra, igba-igba náírà lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́wàá. Ẹ fi tó ọlọ́pàá àti FRSC létí ṣáájú, lórí ìwé.

Títa nǹkan mímu náà ń ṣiṣẹ́. Ní 2000, ọmọ ọdún mẹ́rin kan ní Amẹ́ríkà, Alexandra Scott, tó ní jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní neuroblastoma, gbé tábìlì síwájú ilé wọn, ó ń ta omi ọsàn wẹ́wẹ́ kó lè kó owó ẹ̀ fún àwọn dókítà ẹ̀. Ìgbà tó fi kú ní 2004, lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, owó tó ti ibẹ̀ jáde àti láti ọ̀dọ̀ àwọn tó tẹ̀lé e ti lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Lọ́dọ̀ tiwa, sóbò tútù nígbà ìsinmi ọ̀sán ní ilé ìwé máa tà. Ẹ gba àṣẹ ọ̀gá ilé ìwé, ẹ yọ owó ìnáwó kúrò kí ẹ tó ka èrè, kí ẹ sì kọ méjèèjì sílẹ̀.

Ìjọ àti mọ́ṣáláṣí lágbára jù, mi ò ní fi ìyẹn pamọ́. Ẹ má kàn lọ bá pásítọ̀ tàbí lèmọ́mù pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Ẹ bèèrè ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́jọ́ ìkórè tàbí lẹ́yìn Jímọ̀, kí nọ́ọ̀sì kan sọ̀rọ̀ nípa jínótáìpù kí tọkọtaya tó fẹ́ra, kí ọ̀kan nínú yín wá sọ iṣẹ́ náà. Ohun tí ẹ fún wọn ṣáájú ohun tí ẹ gbà ni wọ́n máa rántí. Rédíò náà bẹ́ẹ̀, Òrìṣun FM wà nínú ìlú, Great FM wà ní kámpọ́ọ̀sì, ètò ìlera máa ń nílò àlejò tó mọ ohun tó ń sọ, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó yín.

Fún àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun: GoFundMe ò jẹ́ kí ẹni tó wà ní Nàìjíríà gba owó tààrà, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n kan tó wà ní London ṣí i ní orúkọ ara ẹ̀ kó wá máa fi ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìṣirò ẹ̀ máa ń lọ́ pọ̀. Ojú ewé Paystack tàbí Flutterwave tó so mọ́ ákáǹtì ẹgbẹ́ yín sàn jù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ara yín, àti àwọn tó máa wá bá yín

Oògùn yín ò gbọdọ̀ yẹ̀ nítorí ìpàdé. Folic acid, Paludrine, hydroxyurea tí wọ́n bá kọ ọ́ fún yín, omi, ìsinmi. Gbogbo iṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní ènìyàn méjì tó mọ̀ ọ́n, torí lọ́jọ́ kan ẹnì kan máa wà ní wọ́ọ̀dù, kò sì yẹ kó máa dá fóònù lóhùn níbẹ̀ nípa ibi tí páàsìwọ́ọ̀dù wà. Tí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ọ̀kan nínú yín lọ, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ dá gbogbo nǹkan dúró. Ẹ má gbé fọ́tò ẹ̀ jáde láti fi wá owó àfi tí òbí ẹ̀ fúnra wọn bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Tí orúkọ yín bá ti ń gbọ́, àwọn tó ń ta àgbo máa wá. Wọ́n á ní àwọn á fún yín ní owó ńlá, kí ẹ kàn mú ìgò wọn dání nínú fídíò pé ó wo SS sàn. Ẹ má gbà. Mi ò bú ewé àti egbò o. Niprisan tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́ ìwádìí NIPRD ní Abuja, ọ̀dọ̀ Yorùbá ni ìmọ̀ ẹ̀ ti wá: ìyèré, osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Ohun tó mú un yàtọ̀ sí ti alágbo orí rédíò ni pé wọ́n dán an wò lára ènìyàn pẹ̀lú àkọsílẹ̀, wọ́n tẹ èsì ẹ̀ jáde ní 2001 kí gbogbo ayé yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n gbé e jáde fún títà ní 2006, ní 2008 ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe é wọ gbèsè, oògùn náà sì di àwátì. Owó ló tán nídìí ẹ̀. Tí ẹnì kan bá ní àgbo tó gbà gbọ́, ẹ sọ fún un kó gbé e lọ bá àwọn ẹ̀ka tó ń kọ́ nípa oògùn ní OAU kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìgbésẹ̀ keje: fífi owó sílẹ̀, àti ohun tó kàn

Ẹ má kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pín in ní mẹ́ta: èyí tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n á gbà nígbà tí wọ́n bá ti yẹ ìdajì ènìyàn wò, èyí tó kẹ́yìn nígbà tí èsì bá jáde. Sínú ákáǹtì ilé ẹ̀kọ́ tàbí ọsibítù ni kó lọ, kí wọ́n kọ orúkọ ìwádìí náà sórí ríìsíìtì. Tó bá jẹ́ rìéjẹ́ǹtì tàbí ohun èlò nìkan ni wọ́n nílò, ẹ lè ra ohun náà fúnra yín lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí ẹ gbé e fún wọn, kí wọ́n buwọ́ lù ú pé àwọn gbà á. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju tàkọ́kọ́ lọ, torí ìyá alátà máa lè fojú rí ohun tí igba náírà ẹ̀ rà.

Nínú ìwé àdéhùn yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ pé ẹ̀yin ni wọ́n á kọ́kọ́ jókòó ṣàlàyé èsì fún, ní Yorùbá, kó tó lọ sínú jọ́nà, ìwé tí àwọn onímọ̀ fi ń tẹ ìwádìí jáde. Ẹ múra sílẹ̀ pé èsì lè jẹ́ pé ohun tí wọ́n rò ò rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn náà, èsì ni, ẹ sọ ọ́ fún àwọn tó dáwó bó ṣe jẹ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì tó ní ALS, àìsàn tó ń gba agbára iṣan ara díẹ̀díẹ̀, Pete Frates àti Pat Quinn, mú kí gbogbo ayé máa da omi yìnyín sórí ara wọn láti fi dáwó ní 2014, mílíọ̀nù 115 dọ́là ló wọ ọwọ́ ẹgbẹ́ ALS ní Amẹ́ríkà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, àwọn tí wọ́n fi lára owó yẹn ṣiṣẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde pé jíìnì kan tó ń jẹ́ NEK1 lọ́wọ́ sí àìsàn náà. Kì í ṣe ìwòsàn. Ìdáhùn kan ni, sí ìbéèrè kan.

Lẹ́yìn tí èsì bá ti jáde, ẹ padà sí gbogbo ibi tí ẹ ti gbowó, ọjà, ìjọ, mọ́ṣáláṣí, ilé ìwé. Ẹ lẹ ojú ewé kan mọ́ ara ògiri: iye tó wọlé, iye tó jáde, ohun tí wọ́n rà, ohun tí wọ́n rí. Tí owó bá ṣẹ́kù, kó tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta péré ni o, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ṣẹ́kù, kí ẹ sì sọ ìbéèrè tuntun tí ẹ fẹ́ gbé e lé lórí, kí ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ lè sọ ọ́ kó tó di pé ẹ ná an.